Bí A Ṣe Ń Fi Ìfarabalẹ̀ àti Àròjinlẹ̀ Ṣe Iṣẹ́ Gíráfíìkì

Láti Post Office títí dé Geri Alimi ní Ìlọrin, kò sí ibi tí ènìyàn lè kọjú sí tí kò ní rí iṣẹ́ gíráfíìkì: bánà wòlímọ̀, pósítà olóṣèlú, pátákó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, fláyà alágbo, kàlẹ́ńdà ayẹyẹ tí wọ́n fi kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jọra débi pé a lè pààrọ̀ orúkọ àti fọ́tò inú wọn láìsí ẹni tí yóò fura, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣe wọ́n kì í ṣe òpè. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ CorelDRAW àti Photoshop, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán, dunjú pọ̀ ní ìlú yìí, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ tó ń yani lẹ́nu. Ohun tó ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ ni pé wọ́n ń kánjú níbi tó yẹ kí wọ́n ti farabalẹ̀, wọ́n sì ń pẹ́ níbi tó yẹ kí wọ́n ti yára. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ ohun tí oníbàárà fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi odidi ọ̀sán máa yí àwọ̀ ẹ̀yìn iṣẹ́ padà. Ọ̀nà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín ni pé kí ojú àti ọkàn máa lọ́ra, kí ọwọ́ máa yára.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní ọdún 1986, nígbà tí ilé oúnjẹ McDonald's fẹ́ ṣí ẹ̀ka kan sí àárín gbùngbùn ìlú Róòmù, Carlo Petrini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi ẹ̀hónú hàn, inú ẹ̀hónú náà sì ni ẹgbẹ́ Slow Food (oúnjẹ aláìkánjú) ti jáde, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìkéde rẹ̀ ní Paris ní ọdún 1989. Láti orí oúnjẹ ni èrò pé kí a má ṣe máa sáré lórí gbogbo nǹkan ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àgbékalẹ̀ àwòrán, ilé àti ohun èlò, tó fi jẹ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn bíi Alastair Fuad-Luke ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ọmọ Ìlọrin bá lọ sí Róòmù kó tó rí i. Ìdí òfì ni kí ó lọ. Ahunṣọ-òkè ti pinnu gbogbo ìlà tó máa wà lára aṣọ kí ó tó jókòó: òwú wo ni yóò wà létí, èwo ni yóò wà láàárín, báwo ni aláàárì yóò ṣe pọ̀ tó sí funfun. Òwú gígùn tó ti tò sílẹ̀ kò ṣeé yí padà mọ́ bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún, nítorí náà ibi títo òwú ni ó ti ń lọ́ra. Bí ó bá ti jókòó tán, ọwọ́ rẹ̀ á yá kánkán, torí pé kò sí ohun tó kù tó tún ń rò.

Kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà

Inú ìbéèrè ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ ìyá kan tó wá ṣe bánà wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó kó fọ́tò bàbá, fọ́tò ìyá, ti àwọn ẹ̀gbọ́n, ti alfa tó kọ́ ọmọ náà ní kéwú àti ti àwọn àlejò pàtàkì wá nínú fóònù rẹ̀, ó sì ní, “Ọmọ mi, bá mi kó gbogbo wọn sí i, má yọ ẹnì kankan sílẹ̀ o.” Dìsáínà tó ń kánjú yóò ní kò sí wàhálà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í to orí lé orí. Ẹni tó farabalẹ̀ yóò fún un ní àga, yóò sì bi í pé, “Alhájà, ẹ má bínú o, ta ni ẹ fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá kọ́kọ́ rí?” Ìyá náà á ní, “Ọmọ tó ka Kùránì tán ni o, nítorí tirẹ̀ la ṣe ń ṣe é.” “Níbo lẹ máa gbé e kọ́, mà?” “Ẹnu ọ̀nà agboolé wa nítòsí Ọjà Ọba ni, ibẹ̀ há díẹ̀.” Ìdáhùn méjèèjì yìí ti parí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. A ti mọ̀ pé fọ́tò ọmọ náà ni yóò tóbi, tí àwọn yòókù yóò wà ní kékeré nísàlẹ̀, ní ìtò kan ṣoṣo. A ti mọ̀ pé ẹni tó ń kà á kò ní jìnnà sí i, nítorí náà orúkọ àwọn ẹbí lè kéré kó sì tún ṣeé kà. A sì ti mọ̀ pé kí a tó dá ìwọ̀n bánà, ó yẹ kí ẹnì kan lọ fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà náà.

Mo máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà títí wọn yóò fi lè sọ ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí láìwo ìwé: ta ni yóò kà á, ibo ni ẹni náà yóò dúró sí nígbà tó bá ń kà á, kí ni a fẹ́ kí ó ṣe lẹ́yìn tó bá kà á tán, àti pé ìgbà wo ni iṣẹ́ náà yóò ti kú. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn kì í sábà bèèrè. Fláyà tí Sátidé kan ṣoṣo yóò parí iṣẹ́ rẹ̀ àti lógò tí ilé iṣẹ́ kan yóò fi ogún ọdún lò kò lè gba iye ìrònú kan náà, ẹni tó bá sì ń fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe fláyà Sátidé kò tíì mọ ohun tí ìfarabalẹ̀ ń jẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ sínú gbólóhùn kan péré lórí ìwé, ní èdè tí oníbàárà fúnra rẹ̀ sọ, kí ẹ sì kà á sí i létí. Bí ó bá ní “bẹ́ẹ̀ ni”, gbólóhùn yẹn ni yóò máa ṣe adájọ́ láàárín yín títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí ó bá ní “kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an”, ẹ ti gba ara yín lọ́wọ́ àtúnṣe tí kò lópin.

Pẹ́ńsùlù ló kàn. Ẹ pín ojú ìwé kan sí àwọn àpótí kéékèèké tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kí ẹ sì máa ya bí iṣẹ́ náà ṣe lè rí sínú ìkọ̀ọ̀kan. Kíkéré wọn ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé kò sí ààyè fún òdòdó, òjìji àti àwọ̀ wúrà nínú rẹ̀. Ibi tí nǹkan ńlá wà, ibi tí nǹkan kékeré wà àti ibi tó ṣófo nìkan ni ọwọ́ lè yà. Àwọn àkọ́kọ́ tí ẹ bá yà yóò jọ iṣẹ́ tí ẹ ti rí lójú títì, nítorí pé ohun tí ojú bá ti rí púpọ̀ ni ọwọ́ ń kọ́kọ́ mú jáde. Ẹ máa bá a lọ títí wọ̀nyẹn yóò fi tán nínú yín. Ìgbà tí ó bá dà bí ẹni pé kò sí ohun tó kù láti yà mọ́ ni èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́ náà gan-an sábà máa ń yọjú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀. Graham Wallas, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní ọdún 1926 pé ìrònú tó ń bí nǹkan tuntun ní ìpele mẹ́rin: ìmúrasílẹ̀, àkókò tí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú ọkàn, ìgbà tí ojú là sí i, àti ìgbà tí a dán an wò bóyá ó tọ́. Àwọn dìsáínà wa sábà máa ń fo ìpele kejì, nítorí pé ó jọ pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ó mọ́jú, ó kéré tán. Bí àkókò kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn fún wákàtí kan, tàbí kí ẹ lọ kírun kí ẹ tó padà sí i. Ní ti iná tó máa ń lọ, mo gbà pé ó ń dun gbogbo wa, ṣùgbọ́n ìpele pẹ́ńsùlù àti ìbéèrè kò nílò jẹnẹrétọ̀, ẹni tó bá sì ti to iṣẹ́ rẹ̀ báyìí kì í sábà jókòó lásán nígbà tí iná bá lọ.

Nídìí kọ̀ǹpútà

Ibí yìí ni kí ọwọ́ ti yára. Ẹ kọ́ àwọn bọ́tìnì tó ń gé ọ̀nà kúrú nínú ètò tí ẹ ń lò títí wọn yóò fi mọ́ yín lára, ẹ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó ní ọjọ́ nínú, ẹ kó fọ́tò sí ibi tiwọn, kí fọ́ǹtì, ìyẹn àwọn irú ìrísí lẹ́tà, náà sì wà níbi tiwọn. Àkókò tí a fi ń wá fáìlì tó sọnù kì í ṣe ìfarabalẹ̀; òfò ni.

Dúdú àti funfun nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe é. Iṣẹ́ tí kò bá dúró dáadáa láìsí àwọ̀, àwọ̀ kò lè gbà á là, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ìpè àti ìkéde ní ìlú wa ló ń padà di fọ́tòkópì kó tó dé ọwọ́ ẹni tó yẹ kó kà á. Nígbà tí ìtò bá ti dúró, ẹ fi àwọ̀ kan sí i, kí ẹ sì dúró wò ó kí ẹ tó fi èkejì kún un. Fọ́ǹtì méjì ti tó. Kí àlàfo pọ̀ láyìíká ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ, bí oníbàárà bá sì ní ibẹ̀ ṣófo jù, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, ọ̀kan tó kún àti ọ̀kan tó ní àlàfo, kí ẹ gbé méjèèjì sí ọ̀nà jíjìn, kí ẹ sì bi í léèrè pé nínú èwo ni òun ti tètè rí orúkọ òun.

Yíyọ nǹkan kúrò ni apá tó le jù nínú iṣẹ́ yìí, àpẹẹrẹ tó sì dára jù lọ wà lórí òpó níwájú gbogbo ilé ìjọba wa. Nígbà tí Táíwò Akínkúnmi, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní London nígbà náà, fi àwòrán àsíá ránṣẹ́ sí ìdíje tí wọ́n ṣe kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, oòrùn pupa kan wà lórí funfun àárín tó yà, pẹ̀lú ìtànṣán rẹ̀. Àwọn adájọ́ mú iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n wọ́n yọ oòrùn náà kúrò, ó wá ku àwọ̀ ewé, funfun àti àwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n fà sókè ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Ọmọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi lè ya àsíá yẹn láìwò ó. Èyí kò sọ oòrùn náà di ohun burúkú. Ó kàn jẹ́ pé àsíá náà ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí a tó dé orí rẹ̀. Ẹ máa wá oòrùn inú iṣẹ́ yín. Ẹ fi ọwọ́ bo nǹkan kọ̀ọ̀kan tó wà lójú iṣẹ́ náà, kí ẹ bi ara yín léèrè pé kí ni òǹkàwé yóò pàdánù bí kò bá sí níbẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ “kò sí”, ẹ yọ ọ́.

Àmì ohùn àti lẹ́tà Lárúbáwá

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí pé ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń ṣe wá ní ìjàǹbá jù. Iṣẹ́ tí a bá fi Yorùbá kọ láìsí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí a kò tíì parí, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún àmì wọ̀nyí ni pé fọ́ǹtì tí wọ́n fẹ́ràn kò gbé e. Àwọn lẹ́tà bíi ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ètò tó fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nígbà tí àmì òkè bá tún gun orí ẹ tàbí ọ, bí a ti ń kọ ẹ́ àti ọ̀, lẹ́tà àti àmì ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá ṣètò ibi tí àmì náà yóò jókòó sí, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gun orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Nítorí náà, kí ẹ tó yan fọ́ǹtì, ẹ fi í kọ orúkọ oníbàárà àti gbólóhùn kan tó ní ẹ̀, ẹ́, ọ̀, ọ́ àti ṣ nínú, ní lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré, kí ẹ sì sún mọ́ ọn wò dáadáa. Noto Sans, Noto Serif, Gentium, Charis SIL àti Andika wà lára àwọn tó gbé Yorùbá dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn.

Ohun kan tún wà tí ojú tó ń kánjú kì í rí: lẹ́tà Yorùbá ga ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé nǹkan wà lórí rẹ̀, nǹkan sì tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fi àlàfo tí a ń fi sáàárín ìlà Gẹ̀ẹ́sì sí i, àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè àti àmì òkè ìlà ìsàlẹ̀ yóò máa gbá ara wọn, pàápàá nínú àkọlé tí a fi lẹ́tà ńlá kọ. Ẹ fi ààyè gbà á. Bí ohùn orúkọ kan kò bá dá yín lójú, ẹ ní kí oníbàárà pe orúkọ náà sókè, kí ẹ fi àmì sí i níwájú rẹ̀, kí ẹ má ṣe gbà á gbọ́ pé bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ọ̀fà náà ni wọ́n ń pè é ní Òmù-Àrán.

Lẹ́tà Lárúbáwá tún gba ìṣọ́ra ju èyí lọ. Bismillahi máa ń wà lókè ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ti ń kọ Lárúbáwá wá sí òsì, ìrísí lẹ́tà kan náà sì ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe wà níbẹ̀rẹ̀, láàárín tàbí ní ìparí ọ̀rọ̀. Bí ètò tí ẹ ń lò kò bá mọ̀ pé Lárúbáwá ni ohun tí ẹ lẹ̀ síbẹ̀, yóò tú àwọn lẹ́tà náà ká, yóò sì tò wọ́n láti òsì, tí yóò fi jẹ́ pé ẹni tí kò gbọ́ kéwú yóò rò pé ó dára, nígbà tí ẹni tó gbọ́ ọ yóò rí ohun tí kò ṣeé kà rárá. Ẹ tan ètò tó wà fún àwọn èdè tí a ń kọ láti ọ̀tún, lẹ́yìn náà kí ẹ fi han alfa kan kí ó tó lọ fún títẹ̀. Ní ìlú tí ọmọ kékeré ti ń kọ́ lẹ́tà wọ̀nyí lára wàláà, kò sí àwáwí tí dìsáínà lè ṣe. Èmi tún máa ń ronú lórí ibi tí ìwé náà yóò parí sí: fláyà tí wọ́n máa fi lé ènìyàn lọ́wọ́ nínú ọjà, tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ibi tó yẹ kí a kọ àyọkà Kùránì sí, ó sì tọ́ kí dìsáínà fi ọ̀wọ̀ sọ èyí fún oníbàárà.

Kí iṣẹ́ tó dé ilé ìtẹ̀wé

Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ tí ẹ parí lálẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú tó ti wo nǹkan pẹ́ kì í rí ohun tó wà níbẹ̀ mọ́; ohun tó rò pé òun kọ ló ń rí. Láàárọ̀, ẹ tẹ ẹ̀dà kan sórí ìwé A4, bó tilẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, kí ẹnì kan máa ka ohun tí oníbàárà kọ fún yín sókè, kí ẹnì kejì máa fi pẹ́ńsùlù tẹ̀ lé e lórí iṣẹ́. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà wò bóyá Sátidé ni déètì náà bọ́ sí lóòótọ́. Ẹ pe nọ́ńbà fóònù tó wà lórí iṣẹ́, láti orí iṣẹ́ náà gan-an, kì í ṣe èyí tó wà nínú WhatsApp, kí ẹ sì gbọ́ ẹni tó gbé e.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, ètò RGB (pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù) ló sì ń lò. Tàdáwà mẹ́rin ti CMYK (irú búlúù kan, irú pupa kan, yẹ́lò àti dúdú) ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, nítorí náà àwọ̀ ewé àti búlúù tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà sábà máa ń ṣá lórí ìwé. Ẹ yí i padà sí CMYK kí ẹ tó fi han oníbàárà, kí ó má baà fẹ́ràn ohun tí kò ní rí gbà. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn kọjá etí ìwé ní mìlímítà 3 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ọ̀bẹ atẹ̀wé má baà fi funfun sílẹ̀, kí ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ sún mọ́ etí. Fọ́tò tí a óò fi ọwọ́ mú wò gba 300 dpi, ìyẹn píksẹ́lì (àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 300 nínú ínṣì kan, tó túmọ̀ sí pé fọ́tò tó máa fẹ̀ ní ínṣì 5 gbọ́dọ̀ ní píksẹ́lì 1,500 ní ìbú. Èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán lórí WhatsApp ti súnkì lójú ọ̀nà; ẹ ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì.

Bí ó bá jẹ́ ti ojú títì, ẹ fi ìṣirò kún ìrònú. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe pátákó ń tẹ̀ lé ni pé lẹ́tà tó ga ní ínṣì 1 rọrùn láti kà láti ẹsẹ̀ bàtà 10, nítorí náà ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kà láti ẹsẹ̀ bàtà 100 gba lẹ́tà tó ga tó ínṣì 10. Ọkọ̀ tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí bánà yín bá ṣeé kà láti mítà 50, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ni awakọ̀ ní. Ẹ ka ohun tó wà lórí rẹ̀ sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ohun tí ẹ kò bá rí kà tán kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò àti owó

Wọn á ní oníbàárà Ìlọrin kì í dúró. Ó ń dúró bí ó bá mọ ohun tó ń dúró dè. Ẹni tó bá sọ pé “ẹ padà wá lọ́la” láìṣàlàyé ti fi ara rẹ̀ hàn bí ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé “lónìí mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, lọ́la màá fi àwòrán pẹ́ńsùlù méjì hàn yín, ọ̀túnla ẹ óò rí i lójú kọ̀ǹpútà” ti fún un ní ohun tó lè dì mú. Ẹ gba apá kan owó nígbà tí ẹ bá fi àwòrán pẹ́ńsùlù hàn án, kí ẹ sì sọ iye ìgbà tí àtúnṣe wà nínú owó náà. Ẹ tún fi yé e pé ìbéèrè àti ìrònú wà nínú ohun tó ń sanwó fún. Dìsáínà tó bá ń gba owó ìtẹ̀wé nìkan kò ní rówó jókòó ronú láéláé.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti jáde

Ẹ lọ wò ó níbi tí wọ́n gbé e kọ́. Donald Schön, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ya ohun méjì sọ́tọ̀ ní ọdún 1983: ìrònú tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àti èyí tó ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Èkejì ni a ń pàdánù, nítorí pé bí owó bá ti wọlé, a kì í bojú wẹ̀yìn. Ẹ dúró ní òdìkejì títì ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ń kọ mọ̀nà lára fúlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ṣe bánà, àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ. Ẹ bi ọlọ́kadà tàbí ìyá tó ń ta nǹkan nítòsí pé kí ni wọ́n kọ́kọ́ rí níbẹ̀. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé ṣé ó dára, nítorí pé ọmọlúàbí yóò ní ó dára. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé kan náà tí ẹ kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ sí, ní ìdojúkọ ara wọn. Paul Rand, dìsáínà ará Amẹ́ríkà, ṣe lógò ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní ọdún 1956, ó sì tún padà sí i ní ọdún 1972 láti fún un ní ìlà mẹ́jọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ohun tó lè padà sí.

Iṣẹ́ tí kò lè dúró

Ìkéde ikú ni mo ní lọ́kàn. Ní àwọn ìlú Ìgbómìnà, bí ẹbí onígbàgbọ́ bá ń múra ìsìnkú àgbà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ààyè sì wà láti tẹ̀ lé gbogbo ohun tí mo ti kọ lókè. Ṣùgbọ́n bí Mùsùlùmí bá kú láàárọ̀ ní Ìlọrin, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kírun sí i lára kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì nílò ìkéde tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ láàárín wákàtí kan. Kò bójú mu kí ẹ máa sọ fún ẹni tó ń sunkún pé ẹ fẹ́ ronú.

Ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni kí ẹ ti ronú sílẹ̀ dè é. Ẹ ṣe ìtò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó mọ́, tó sì ní ọ̀wọ̀: ọ̀kan fún àgbàlagbà, ọ̀kan fún ọ̀dọ́, ọ̀kan tí kò ní ààyè fọ́tò rárá, nítorí pé àwọn ẹbí kan kò fẹ́ fọ́tò. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún orúkọ gígùn àti oyè, fún agboolé, fún mọ́sálááṣí tí wọn yóò ti kírun, fún aago àti ibi ìsìnkú, kí aago náà sì tóbi tó láti kà lójú fóònù. Ẹ fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà, kí alfa sì ti yẹ àdúrà Lárúbáwá tó wà lórí rẹ̀ wò. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tó ṣófo nìkan, kí ẹ sì máa fi orúkọ mìíràn pamọ́ fáìlì tuntun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó, nítorí pé ẹni tó bá ń ṣí ìkéde àná láti fi ṣe ti òní lè fi orúkọ òkú ẹlòmíràn sílẹ̀ níbi kan nísàlẹ̀, kí ìkéde náà sì ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí kí ó tó rí i.